Orúkọ tí Wọ́n Lẹ̀ Mọ́ Pósítà

Ó ti rẹ obìnrin yìí kí ilẹ̀ tó mọ́ rárá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ìtọ́jú òbí ń rẹni. Ojú àánú ni kì í jẹ́ ká sọ ọ́ síta. Òun ló ń gbé baba rẹ̀ dìde, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ, kó tó sáré lọ síbi iṣẹ́.

Nígbà tí baba náà ń kan ẹ̀ṣẹ́, Àpáta ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ẹni ńlá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló jà níbi tí ayé ti ń wò ó: ẹni tó yẹ kó bá ọ̀gá àwọn akànṣẹ́ jà ṣàìsàn, wọ́n sì fi Àpáta rọ́pò rẹ̀. Pósítà ìjà ti jáde nílé ìtẹ̀wé. Wọ́n bá tẹ orúkọ Àpáta sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n lẹ̀ ẹ́ bo orúkọ ẹni àkọ́kọ́. Wọ́n lù ú ní àlùbami lọ́jọ́ náà, àmọ́ kò ṣubú, ìjà yẹn sì di ìtàn. Àwọn tó ń kó pósítà àtijọ́ jọ ṣì ń wá irú rẹ̀ kiri.

Ojú baba ti fọ́ báyìí. Láràárọ̀, á fọwọ́ wá ọ̀kan nínú pósítà yẹn tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á wá etí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn títí yóò fi kàn án. "Mo ṣì wà níbẹ̀," ni yóò wí, ìgbà náà ni yóò tó yanu fún oúnjẹ.

Ìdọ̀tí àti ọ̀rinrin ti fẹ́ jẹ pósítà náà tán, lọmọ bá gbé e lọ fún oníférémù. Oorun wà lójú rẹ̀. "Ẹ bá mi yọ gbogbo ohun tí ò yẹ kó wà lára ẹ̀," ló kàn sọ, ló bá ń lọ.

Nígbà tó padà dé lọ́jọ́ kejì, ṣe ni oníférémù ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

"Àǹtí, ẹ wá wò ó! Wọ́n ti lẹ bébà mọ́ ọn níbì kan. Mo fomi rẹ ẹ́, mo yọ ọ́, orúkọ gidi ló wà lábẹ́ ẹ̀!"

"Ibo ni bébà yẹn wà?"

"Ó ti fà ya. Mo ti gbá a dà nù."

"Orúkọ bàbá mi lẹ gbá dà nù yẹn."

Ọkùnrin náà káwọ́ lérí. "Ẹ má bínú, Àǹtí. Omi ló dà nù, agbè ò fọ́."

Lójú obìnrin náà, agbè ti fọ́. Ó jókòó sórí àpótí, ó sunkún. Kò bú ẹnikẹ́ni, torí ó mọ ohun tó fẹnu ara rẹ̀ sọ.

Nílé, ó gé bébà, ó fi bírò kọ Àpáta sí i gàdàgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ni orúkọ kò lè rí i kà. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pósítà náà, ó sì gbé e padà sára ògiri. Baba tí kò tíì jẹun láti àárọ̀ na ọwọ́. Ìka rẹ̀ kan etí bébà, ó lọ, ó bọ̀, ó dúró ní igun tó máa ń ká sókè tẹ́lẹ̀. Igun náà tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Ta ló lẹ èyí?"

Ọmọ kò ní agbára irọ́. "Èmi ni, Bàbá. Tàtijọ́ ti bà jẹ́. Èmi ni mo fà á."

Baba tún fọwọ́ ra igun náà. Ẹ̀rù ń ba ọmọ.

"Èmi náà, wọ́n kàn fi mí dí àyè ẹlòmíì ni," ló wí nígbẹ̀yìn. "Wọ́n ní kí n dúró, mo dúró. Èyí náà á dúró. Ìwọ ńkọ́? Ta ló ń bá ẹ dí àyè tìẹ?"

Ọmọ gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì.

"Gbé abọ́ yẹn lé mi nítan," ni baba wí. "Fún mi ní ṣíbí."

Ìdajì oúnjẹ náà dà sí i láyà. Ó ń wá ẹnu ara rẹ̀ kiri, ó ń rí i, kò sì pe ẹnikẹ́ni kó wá ran òun lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ kò rí i. Ó ti sùn lọ.