Ẹyin Iná Tí Kò Ní Èéfín

Leah kì í gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí ọ̀rọ̀ ìyá ọlọ́mọ tuntun. Ọmọ mẹ́fà ló bí, kò sí èyí tí òtútù pa nínú wọn, ó sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé òtútù ti bọ́ sábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1993, nígbà tí òjò ń rọ̀ ní Erunmu bí ẹni tí ń gbẹ̀san, ó wá tọ́jú Olúwaṣìkẹ́mi, àbíkẹ́yìn rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Wọn kò tíì sọ ọmọ náà lórúkọ. Kẹrosíìnì wọ́n bí ojú, èédú ni gbogbo ilé fi ń dáná.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí Ṣìkẹ́mi wẹ omi gbígbóná tán, ó ń gbọ̀n. Leah kó èédú sínú agbada irin àtijọ́ kan, ó sì tan án. Kì í ṣe aláìbìkítà ènìyàn o. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ níta ló ti ń fẹ́ iná náà títí gbogbo èéfín fi tán, tí ẹyin iná pọ́n dẹ́dẹ́, kó tó gbé e wọ yàrá. Ó ti fèrèsé, ó fi àkísà dí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ó pọn ọmọ, ó sì lọ jókòó lọ́dọ̀ Múyì, aládùúgbò wọn, kí ìyá ọmọ lè sùn dáadáa. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ó fi ata sẹ́nu. Ti Leah tún wá burú jù, kò mọ̀ pé ata wà lẹ́nu òun.

Ìgbà tí ọmọ ń ké fún ọmú ni òun àti Múyì padà wọlé. Ṣìkẹ́mi ti bì sára aṣọ. Wọ́n pè é, kò dáhùn. Wọ́n gbé orí rẹ̀ sókè, orí ṣubú padà. Leah figbe ta. Kí ilé má baà jóná lẹ́yìn wọn, ó gbé agbada náà jáde, ó dà á sínú òjò, wọ́n sì fi ọkọ̀ ọkọ Múyì gbé Ṣìkẹ́mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan lọ́nà Alakia.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n, Olúyínká lorúkọ rẹ̀, ń yára béèrè ọ̀rọ̀.

"Màmá, ṣé ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ jù?"

"Rárá."

"Kí ló jẹ?"

"Ẹ̀kọ mímu, gbígbóná."

"Ṣé èéfín wà nínú yàrá tó sùn sí?"

"Rárá o! Kò sí èéfín kankan."

Òtítọ́ ni lójú ara rẹ̀. Wọ́n bá fa omi sí Ṣìkẹ́mi lára, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti yẹ ibà wò, gbogbo wọn sì ń dúró. Múyì ń gbé ọmọ káàkiri, ọmọ ń ké. Leah ń pe Jèhófà bí wọ́n ṣe ń pè é ní ìjọ Kérúbù wọn, ṣùgbọ́n Ṣìkẹ́mi kò mira.

Nọ́ọ̀sì padà wá, ó tẹjú mọ́ ètè rẹ̀. "Ètè yìí pọ́n jù. Ibà kọ́ nìyí."

Leah rò pé wọ́n fẹ́ sọ pé òtútù ló mú ọmọ òun. Inú bí i. "Kò lè jẹ́ òtútù o! Èmi fúnra mi ni mo gbé iná sí ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ̀."

"Iná kẹ̀? Ẹ ṣáà ní kò sí èéfín?"

"Kò sí náà! Níta ni mo ti jẹ́ kó tán pátápátá kí n tó gbé e wọlé."

Nọ́ọ̀sì ti sáré lọ kí Leah tó sọ ọ́ tán. Ó yí àgbá atẹ́gùn kan wọlé, ó ṣí fèrèsé gbàgà, ó sì fi ìbomú bo Ṣìkẹ́mi nímú.

"Màmá, èéfín tí ẹ rí kọ́ ló ń pani jù. Ẹyin iná ní atẹ́gùn tirẹ̀, kò láwọ̀, kò lóòórùn. Ẹ̀jẹ̀ wa dà bíi mọ́tò. Atẹ́gùn rere á wọkọ̀ ní àyà, á sọ̀ níbi tí ara ti ń retí rẹ̀. Ti èédú yìí, tó bá ti wọkọ̀, ńṣe ló ń dì mọ́ àga. Atẹ́gùn rere ò wá ní ríbi jókòó."

"Ṣùgbọ́n a ti gbé iná jáde!"

"Iná jáde lóòótọ́, ohun tó wà lára rẹ̀ ò tíì jáde. Wíwọ̀ rẹ̀ ló yá, sísọ̀ rẹ̀ kì í yá. Èyí tó wà nínú àgbá yìí ni yóò máa tì í kúrò lórí àga, díẹ̀díẹ̀. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́."

"Ṣé yóò jí?"

"A ò tíì mọ̀, Màmá. Ká ní mo ti mọ̀ nígbà tí ẹ dé..." Nọ́ọ̀sì gbé ìyókù mì. Leah kò nílò kó parí rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ kan wà lórí àgbá náà tó ń fi bí atẹ́gùn ṣe kù hàn. Leah ń wò ó bó ṣe ń wálẹ̀. Bó bá tán kí àlejò burúkú yẹn tó sọ̀ ńkọ́? Gbogbo àdúrà gígùn tó mọ̀ ti fò lọ lórí rẹ̀. "Jẹ́ kó sọ̀," ni ó ń wí ṣáá, "Bàbá, jẹ́ kó sọ̀." Nígbà tó yá, ọmọ dákẹ́ igbe. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn tún wá bà á lẹ́rù ju igbe lọ. Ó sáré lọ gbé ọwọ́ sí i láyà kí ó tó gbà pé oorun ni.

Abẹ́rẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìsàlẹ̀ nígbà tí ìka Ṣìkẹ́mi mira. Ojú rẹ̀ là, ó tún pa dé, ó tún là.

"Màmá."

"Ọmọ mi! Ọmọ mi!"

"Òtútù ń mú mi."

Leah dìde fùú. Fèrèsé tó wà lókè ibùsùn ṣí sílẹ̀, ìjì òjò ń fẹ́ wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ ti kan ilẹ̀kùn fèrèsé náà kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Ó fa ọwọ́ padà bí ẹni tí iná jó. Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi bo ọmọ rẹ̀, ó jókòó sí ìsàlẹ̀ ibùsùn, ó sì gbé ẹsẹ̀ Ṣìkẹ́mi méjèèjì mọ́ àyà ara rẹ̀ títí wọ́n fi móoru. Fèrèsé wà ní ṣíṣí.