Bàtà Tí Kò Wọ Ẹsẹ̀ Ìdòwú

Ní Ìgbó-Ọrà, ta ni kò bí ìbejì? Ìbejì pọ̀ níbẹ̀ bí ẹ̀gẹ́ ṣe pọ̀ lóko, síbẹ̀, obìnrin tó bá bí wọn, Ìyá Ìbejì ni wọn yóò máa pè é títí ayé. Ìyá Dámilọ́lá bí Táyé àti Kẹ́hìndé, ó sì bí Dámilọ́lá tẹ̀lé wọn. Kò sẹ́ni tó pè é ní Ìyá Ìdòwú rí, àfi ọjọ́ tí Dámilọ́lá fọ́ gíláàsì fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ń wá ìyá ẹni tó fọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: Dámilọ́lá ń jowú, kì í sì í ṣe owú kékeré. Táyé kò dà á láàmú. Ọkùnrin ni, ó ti lọ kọ́ṣẹ́ wẹ́dà n'Íbàdàn. Kẹ́hìndé ni egbò rẹ̀. Kẹ́hìndé lè lọ sọ́jà láìmú kọ́bọ̀ dání kí ó sì mú àkàrà gbígbóná bọ̀, torí àwọn oníṣòwò gbà pé bí ìbejì bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọjà, ọjà náà yóò tà. Ìdòwú ńkọ́? "Èṣù lẹ́yìn ìbejì" ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín bí ẹni pé oríkì ni.

Ohun kan ṣoṣo ló jẹ́ ti Dámilọ́lá nìkan: ó mọ ìtàn kọ. Tíṣà Obadiah, tó ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án Sátidé, ló ní kí wọ́n mú ìtàn àtijọ́, ìbáà ṣe àlọ́ ilé wa, ìbáà ṣe ti òyìnbó, kí wọ́n tún un sọ bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa níhìn-ín. Àwọn yòókù kàn gbé fóònù lé ọba inú àlọ́ lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn ti ṣe tán. Dámilọ́lá mú ìtàn òyìnbó kan tí gbogbo ayé mọ̀, ti ọmọbìnrin tí ìyàwó bàbá rẹ̀ sọ di ìránṣẹ́, tó lọ jó láàfin, tí bàtà rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀, tí ọmọ ọba wá ń fi bàtà náà wá a kiri.

Nínú ti Dámilọ́lá, ààfin di ayẹyẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Poli ní Èrúwà. Ọmọ ọba di ọmọ ọlọ́kọ̀ kan tó gun ọ̀kadà kiri láti Èrúwà dé Ìdèrè, pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan nínú ọ̀rá. Arẹwà tí bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kọ́ ló sì ń sọ ìtàn. Ọmọ ìyàwó bàbá ni, èyí tí bàtà kò wọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Tíṣà Obadiah kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà.

Ìyá Ìbejì ló wá ba nǹkan jẹ́ nígbà tó di pé kí wọ́n kà á fáwọn èèyàn.

"Jẹ́ kí Kẹ́hìndé bá ọ kà á, Dámi. Ẹnu ìbejì, ẹnu oríire ni. Tó bá ti tẹnu ẹ̀ jáde, àwọn èèyàn á gbọ́."

"Màámi, èmi ni mo kọ ọ́ o."

"Ṣé mo ní ìwọ kọ́ ni? Ẹ̀gbọ́n ẹ mà ni. Má jẹ́ n tún un sọ."

Bẹ́ẹ̀ ni Kẹ́hìndé ṣe gba ìtàn náà kà, Sátidé kan, abala kan. Kí á má parọ́ mọ́ ọn, ó mọ̀ ọ́n kà. Bó bá ní "èmi tí wọn ò fẹ́", àwọn ìyá àgbà á máa fi ìborùn nu ojú. Gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Sátidé àkọ́kọ́, ó kéde pé àbúrò òun ló kọ ọ́. Nígbà tó tún yá, ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń wúkọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sọ ọ́ mọ́. Àwọn ọlọ́kadà bẹ̀rẹ̀ sí í kí i lójú títì, "Kẹ́hìndé oníbàtà!", òun náà á sì juwọ́ sí wọn. Obìnrin kan wá sọ fún Dámilọ́lá nídìí ẹ̀rọ omi pé, "Ẹ̀gbọ́n ẹ mà lọ́pọlọ o! Ìwọ náà ò ṣe kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀tàn lọ́dọ̀ ẹ̀?"

Dámilọ́lá gbé omi rẹ̀, ó kọrí sílé. Owú ti gbé e mì pátápátá. Ó jókòó ti oúnjẹ, kò lè jẹ ẹ́. Ó ń wo Kẹ́hìndé níwájú dígí, ó sì ń bẹ Ọlọ́run kí ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ há. Ẹ̀rù ba òun fúnra rẹ̀ nítorí àdúrà yẹn, àmọ́ kò dẹ́kun rẹ̀.

Ọ̀ràn wá le sí i. Ìyáàfin Olúwayẹ́misí, tó ń tẹ ìwé fáwọn ọ̀dọ́ n'Íbàdàn, ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá gbọ́ ìparí ìtàn bàtà. Ó ní ìtàn kan ṣoṣo lòun máa mú ní gbogbo Ìbàràpá, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ á sì wà níwájú ìwé. Ìyá Ìbejì sáré lọ rán búbà tuntun. Fún ta ni? Ẹ ti mọ̀.

Dámilọ́lá wọ yàrá lọ. Ó mú bírò. Ó mọ ìwà Kẹ́hìndé kan: kì í yẹ ìtàn wò kó tó kà á. Kẹ́hìndé ní òun fẹ́ kó ya òun náà lẹ́nu, iwájú èrò ni òun àti ọ̀rọ̀ ti máa ń pàdé. Dámilọ́lá wá kọ abala ìkẹyìn bí ẹni ń dẹ pàkúté, ó ká a, ó sì fi lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Lẹ́yìn náà, ó lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó ń retí kí ojú ti Kẹ́hìndé.

Kẹ́hìndé bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọlọ́kọ̀ dé, bàtà jáde nínú ọ̀rá, arẹwà wọ̀ ọ́, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, ariwo ta. Kẹ́hìndé ṣí ojú ewé kejì.

"Arẹwà náà wá dìde láàárín èrò, ó ní: Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi mọ́. Bàtà tí mo wọ̀ yìí, mo yá a ni. Ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ fún yín, mo jí i ni. Ẹni tó ni ín ló jókòó sẹ́yìn yín níbẹ̀ yẹn, ẹ ò sì bojú wò ó rí."

Ẹ wá wo ayé! Ṣe ni gbọ̀ngàn hó. "Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n kà o!" Wọ́n rò pé ìtàn ni. Dámilọ́lá fẹ́ẹ̀ ké. Pàkúté tó dẹ ti di ohun ọ̀ṣọ́ lára Kẹ́hìndé.

Ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ti dé orí ìlà tó tẹ̀ lé e, ó sì ti yé e pé òun ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ó gbójú sókè, ó wá Dámilọ́lá rí, ó sì ká ìwé náà pa.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó wí. "Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Ìdòwú wa ni, Dámilọ́lá. Ó yẹ kí n ti máa sọ ọ́."

"Háà! Ẹ wo ọmọ onínúure!" ìyá àgbà kan ké. "Ó fẹ́ bù fún àbúrò ẹ̀ nínú oríire ẹ̀!" Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Òtítọ́ jáde tán, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́.

Ìyáàfin Olúwayẹ́misí nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó bi Kẹ́hìndé pé, "Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí èyí tí bàtà ò wọ ẹsẹ̀ ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, mà," Kẹ́hìndé dáhùn.

"Ẹni tó kọ ọ́ á mọ̀." Ó yíjú sẹ́yìn. "Dámilọ́lá dà?"

Dámilọ́lá dìde. Nínú ìwé tó kọ, ẹni tí bàtà kò wọ̀ tú arẹwà fó, ìgbéyàwó sì fọ́ yángá. Ó la ẹnu láti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó wá rí i pé irọ́ ni. Òun ò tilẹ̀ fẹ́ kí nǹkan fọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni lórí. Ohun tí òun fẹ́ ni kí wọ́n wo òun.

"Wọ́n gbé bàtà wá bá èmi náà," ó sọ, ohùn rẹ̀ kéré, gbogbo èèyàn sì na etí sí i. "Mo tì í, mo tì í, kò wọlé. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ní, ẹ gbé bàtà yín. Mo fẹsẹ̀ lásán rìn gba ọ̀nà Ìdèrè padà sílé, ilẹ̀ ń gbóná. Ẹ má rò pé mo bá arẹwà náà yọ̀ o. Mi ò bá a yọ̀. Mo bi í léèrè lọ́kàn mi, kí ló ní tí mi ò ní? Kò sì sí. Wọ́n kàn kọ́kọ́ rí i ni. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, mò ń jowú ẹ̀. Ó parí."

Ìyá Ìbejì fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ni gbọ̀ngàn dìde, wọ́n ń pe orúkọ Dámilọ́lá, kì í ṣe Ìdòwú. Ìyáàfin láti Ìbàdàn ti ń gba àárín àga bọ̀ wá dì mọ́ ọn.

Dámilọ́lá wo iwájú lórí èjìká obìnrin náà. Kẹ́hìndé ṣì dúró lórí pèpéle nínú búbà tuntun, ó ń pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá ẹnu rẹ̀ lọ. Nínú gbogbo èrò yẹn, Dámilọ́lá nìkan ló mọ irú ojú bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ló rántí bí owú ṣe máa ń rí lára ẹni.