Ohun Tí Mo Kọ Nípa Géèmù Ọkọ̀ Ojú Omi

Hidayah ka ohun tí mo kọ nípa géèmù kan sára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, ó gbà á gbọ́, ó lọ wa ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì ní Efire, ọkọ̀ náà sì gbé e jù sínú ọ̀sà.

Àgọ́-Ìwòyè ni ṣọ́ọ̀bù géèmù mi wà, lójú ọ̀nà tí àwọn ọmọ yunifásítì ń gbà lọ sílé. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin, páàdì mẹ́jọ, jẹnẹrétọ̀ kan. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ náà. Géèmù tí mo bá rà, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ gbá a parí kí oníbàárà tó fọwọ́ kàn án, màá sì kọ ohun tí mo rí sórí páálí, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ohun tí wọ́n ń kọ sẹ́yìn páálí géèmù, irọ́ ni.

Nípa ti bọ́ọ̀lù, mo kọ pé: “Ó dáa, àmọ́ rẹfirí ibẹ̀ fọ́jú.” Ti ogun: “Ariwo lásán. Wọ́n yìnbọn lu ẹnì kan lẹ́ẹ̀mẹfà, ó ṣì ń sáré.” Ti oko: “Ẹni tó ṣe é kò dáko rí. Àgbàdo kì í gbó lọ́jọ́ mẹ́ta.” Ọ̀kan wà tí ìyá kan ti ń wá ọmọ rẹ̀ nínú ilé tó jóná. Mo kọ pé mo sunkún, mi ò sì ní gbá a mọ́.

Pẹ̀lúmi, ọmọ yunifásítì kan tó máa ń wá lójoojúmọ́, rẹ́rìn-ín títí.

“Àńtí Ìbíkẹ́, ṣé nǹkan kan tiẹ̀ wà tó dáa lójú yín? Bẹ́ ẹ bá dé ọ̀run rere, ẹ máa ní wọn ò kun ún dáadáa.”

“Ìwọ tí wọ́n jẹ ní gólì méje láàárọ̀, o ṣì lẹ́nu ọ̀rọ̀?”

Torí pé mi ò kì í yin nǹkan ni wọ́n ṣe gbà mí gbọ́. Ìgbà tí mo wá yin ẹyọ kan, gbogbo wọn ló gbọ́.

Géèmù ọkọ̀ ojú omi ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbá a kí n tó mọ̀ ọ́n. Ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wọ̀ mí lára, inú mi dùn. Mo kọ pé: “Òótọ́ ni èyí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wà níbí, á lè wà á níbikíbi.”

Ọmọ Ìlápòrú ni mí. Mi ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé mi. Kò sẹ́ni tó bi mí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni Hidayah, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju ti gbogbo wọn lọ. Irun ló ń dì fáwọn ọmọbìnrin họ́sítẹ̀ẹ̀lì, òun ló fi ń rán ara rẹ̀ níwèé ní yunifásítì. Ó dúró níwájú páálí náà nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ mẹ́ta.

“Àńtí, ṣé ó dá yín lójú?”

“Ìgbà wo ni mo parọ́ fún ẹ rí?”

“Ó dáa. Ọ̀dọ̀ bọ̀ọ̀dá mi ní Efire ni mo ti fẹ́ ṣọdún. Màá wa ọkọ̀ wọn.”

Mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ní ọjọ́ kejì ọdún, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ọkùnrin kan pè mí. Ó ní Ṣàkírù lorúkọ òun, òun ni àbúrò ìyá Hidayah tó lọ bá ṣọdún ní Efire.

“Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ṣọ́ọ̀bù géèmù? Hidayah já sómi. A ti yọ ọ́. Òun ló ní ká pè yín. Àmọ́ ọwọ́ ẹ̀…”

Fóònù já. Mo pè é padà, kò wọlé. Mo tún pè é, kò wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ kí ni? Ọwọ́ wo? Ṣé ó kán ni, àbí ó gé? Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù pariwo gólì, mo sì pa jẹnẹrétọ̀.

“Ha, Àńtí, ó ku ìṣẹ́jú méjì ká…” Pẹ̀lúmi wo ojú mi, ó gbé páàdì sílẹ̀.

Ọ̀sán ni àtẹ̀jíṣẹ́ Ṣàkírù tó wọlé: wọ́n ń gbé e bọ̀ wá sí ọsibítù kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Pẹ̀lúmi dá ọ̀kadà dúró fún mi, ó gbé mi dé gáráàjì, mo wọ mọ́tò. Títí mo fi dé ibẹ̀, ìka ni mò ń wò: ti awakọ̀, ti obìnrin tó jókòó tì mí, tèmi.

Ṣàkírù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ṣòkòtò rẹ̀ ṣì tutù. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

“Mò ń kírun ìyálẹ̀ta lọ́wọ́ ló tú ọkọ̀,” ló wí. “Ó ń wà á dáadáa o, mo rí i nígbà tí mo jáde. Koríko ojú omi ló lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó fi ọwọ́ ẹ́ńjìnnì tá a fi ń darí ọkọ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ kó fa koríko náà kúrò. Nínú géèmù yín, téèyàn bá fọwọ́ sílẹ̀, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀?”

“Ọkọ̀ á dúró.”

“Tiwa kì í dúró. Koríko já, ẹ́ńjìnnì yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọkọ̀ pòòyì, ó sì jù ú sómi. Ọkọ̀ náà wá yí padà wá bá a níbi tó wà, irin tó ń yí nídìí ẹ́ńjìnnì sì bá ọwọ́ rẹ̀. Okùn kan wà lára ẹ́ńjìnnì tá a máa ń so mọ́ ọrùn ọwọ́. Téèyàn bá já sómi, okùn náà á pa ẹ́ńjìnnì. Kò so ó.”

Kò sí okùn nínú géèmù.

A jókòó. Nọ́ọ̀sì jáde lẹ́ẹ̀mejì, ó tún wọlé. Ṣàkírù ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀. Mo fẹ́ ṣàdúrà, àmọ́ ohun tí mo kọ sórí páálí nìkan ló ń wá sí mi lẹ́nu. Nígbà tó yá, dókítà pe Ṣàkírù wọlé. Mo tẹ̀ lé e láìjẹ́ pé wọ́n pè mí.

Wọ́n gé àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún Hidayah àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e. Kò lè di irun mọ́, nígbà tí àwọn ọmọ yunifásítì sì wọlé padà ní sáà tó tẹ̀ lé e, kò sí láàárín wọn.