Ọjọ́ Tí Ẹ̀rọ Mẹ́rin Jókòó Sinmi

Páìpù epo rọ̀bì gba àárín pálọ̀ Ìbídùn ní Ìgbókòdá kọjá lọ sí òkun, kò sì yà á lẹ́nu. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí àgbàlagbà tó ń gun òkè. Ìbídùn gbé àga sún mọ́ ọn. Páìpù náà ní epo tí òun ń gbé ti ki jù, pé iná tí wọ́n ń jó láti fi tì í kò jẹ́ kí òun sinmi. Ìbídùn ní òun mọ̀. Nítorí ẹ̀ ni òun ṣe lo ọdún mẹ́fà láti po ìyẹ̀fun kan tó ń mú epo rọ̀bì yọ̀ lọ bí ilá ṣe ń mú òkèlè yọ̀ lọ́fun, kí ẹ̀rọ tó ń ti epo má baà jẹ dísẹ́ẹ̀lì tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ògiri tó kọjú sí ọ̀sà ká sókè bí ẹní. Àwọn olùdókòwò fi ẹsẹ̀ rìn wá láti ojú omi, wọ́n kó bàtà wọn lọ́wọ́. Àwọn kan náà tó máa ń ní kí Ìbídùn padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Bí wọ́n ṣe ń wọlé ni pálọ̀ ń bí yàrá sí i, tí gbogbo wọn fi ráyè jókòó. Inú wọn dùn gan-an. Àwọn mìíràn ń gbá páìpù mọ́ra. Ìyáàfin Bámigbóyè, tó ti dá ìwé tí Ìbídùn fi tọrọ owó padà lẹ́ẹ̀mejì, bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní etí ara òun ni òun wá fi gbọ́.

"Ṣe é lójú wa," ló wí.

Ẹ̀rù ba Ìbídùn. Ṣíbí ìyẹ̀fun kan péré ló kù, páìpù kò sì ní ẹnu.

Bàbá rẹ̀ jáde láti inú yàrá tí pálọ̀ bí kẹ́yìn. Ó ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Ọdún méjìlélógún ló fi ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń ti epo, ariwo náà sì di etí rẹ̀ pátápátá, débi pé síléètì ni òun àti ọmọ rẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀ kó tó kú. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀, ó mọ́ tónítóní. Ó fi ìka kan páìpù lẹ́ẹ̀mẹta, páìpù la ẹnu, Ìbídùn da ìyẹ̀fun sí i.

Epo yọ̀ lọ. Ẹ̀rọ márùn-ún ló ń bú níta. Mẹ́rin pa iná ara wọn, wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n gbé ọwọ́ lé itan. Ẹyọ kan tó kù ń ṣiṣẹ́ lọ jẹ́jẹ́. Àwọn olùdókòwò dìde, wọ́n ń du ẹni tí yóò ṣáájú. Wọ́n fi ìka tútù kọ orúkọ wọn sára ògiri tó kù, orúkọ náà kò gbẹ. Ìyáàfin Bámigbóyè bẹ Ìbídùn pé kó má gbàgbé òun.

Ìbídùn yí padà. Ó kọjú sí bàbá rẹ̀, ó rọra pè é, bí ẹni tó ń dán nǹkan wò.

"Mo gbọ́ ẹ," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ohùn ẹ ti wá jọ ti ìyá mi."

Ó fà á lọ́wọ́ jáde. Lójú ọ̀sà, oko àgbàdo kan ń bọ̀ láti ọ̀nà òkun. Ó ti yọmọ. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń tì í, ó sì ń bọ̀ wẹ́rẹ́.