Ẹsẹ̀ Òsì Pjerina

"Tún un wọ̀n," ni Pjerina wí.

"Mo ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, Màmá." Dókítà Tjaša tú okùn ìwọ̀n kúrò ní itan òsì obìnrin náà, ó tún wo àwòrán iṣan itan náà lójú kọ̀ǹpútà, ó sì fajú ro. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, kò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ojú pa ọ̀rọ̀ mọ́. "Ọ̀tún àti òsì dọ́gba. Kò sí èyí tí ẹran rẹ̀ jò."

"Ṣé ẹjọ́ wá ni?"

"Ó yẹ kí òsì ti jò, Màmá. Torí ìyẹn la ṣe gbà yín síbí."

Pjerina rẹ́rìn-ín músẹ́ sí òrùlé. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni, ọjọ́ kẹwàá rẹ̀ sì nìyí lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n mú kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ. Òun àti obìnrin márùn-ún mìíràn, tí gbogbo wọn ti lé ní àádọ́rin ọdún, ni wọ́n wà nílé ìwòsàn tó kọjú sí òkun yìí. Wọn kò gbọdọ̀ jókòó, wọn kò gbọdọ̀ dìde. Ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹun, ìdùbúlẹ̀ náà ni wọ́n fi ń wẹ̀. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ báyìí, díẹ̀díẹ̀ ni ara rẹ̀ á gbàgbé pé òun wúwo, bí ara àwọn tó ń lọ gbé lófurufú ṣe máa ń gbàgbé. Ẹran ara tí ọjọ́ ogbó ń fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ, ìwọ̀nba ọjọ́ ni àìwúwo fi ń jẹ ẹ́. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, wọ́n á lẹ wáyà mọ́ itan ọ̀tún wọn, iná mànàmáná á sì máa fún iṣan náà jọ, á máa tú u sílẹ̀. Wọn kì í fi nǹkan kan kan òsì. Bí òsì bá jò tí ọ̀tún dúró, a jẹ́ pé iná náà wúlò nìyẹn.

Òsì àwọn márùn-ún yòókù ti jò. Ti Pjerina nìkan ló fi àáké kọ́rí.

"Bóyá iná yẹn ò ṣe nǹkan kan lára yín," ni dókítà wí. Ó jọ pé ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ẹni mẹ́fà péré la fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan nínú mẹ́fà bá rí báyìí, àwọn tó fẹ́ gba ẹ̀rọ náà fún àwọn arúgbó tí egungun ìbàdí wọn kán á ní kò dá àwọn lójú. Wọ́n á ní ká gbé e sọnù."

Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó jáde. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Pjerina.

Livija, tó ń ta nẹ́ẹ̀tì ìpẹja nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀, wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì nínú yàrá náà. Kò yí orí padà kó tó sọ̀rọ̀. "O gbọ́ o."

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Láti ọjọ́ kejì ni bẹ́ẹ̀dì ẹ ti ń ké bí ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ èbúté. Mo rò pé àdúrà lò ń gbà, mo tiẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún ẹ. Ta ló mọ̀ pé iyọ̀ lò ń wọ́?"

Lóòótọ́, iyọ̀ ni. Títí Pjerina fi pé ogójì ọdún, inú oko iyọ̀ Sečovlje, níbi tí oòrùn ti ń fa omi òkun gbẹ di iyọ̀, ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ń fi igi wọ́ iyọ̀ jọ, ẹsẹ̀ òsì ló máa ń fi tilẹ̀, gìgísẹ̀ á wọlẹ̀, kó tó fa igi náà sẹ́yìn. Lábẹ́ aṣọ ìbora, níbi tí kámẹ́rà ara ògiri kò lè rí, ó ti ń fi gìgísẹ̀ òsì ti irin ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ní ìgbà ọgọ́rùn-ún láàárọ̀, ọgọ́rùn-ún lọ́sàn-án. Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń kà á lóko iyọ̀ lòun náà ń kà á: ẹ̀kíní fún oòrùn, ẹ̀kejì fún atẹ́gùn, ẹ̀kẹta fún òjò pé kó má rọ̀.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ ba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́. Valter, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Koper, ló fà á. Ó fẹ́ ta òkè tí ọgọ́rin igi ólífì wọn wà. "Màámi, ẹsẹ̀ yín ti ń lọ," ló sọ nídìí oúnjẹ, "ọkùnrin kan láti Ljubljana sì ti ń bi mí léèrè." Pjerina gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí òun bá jáde nílé ìwòsàn, òun á gun òkè náà dé ìpele kejìlá tó wà lókè pátápátá, bí òun bá sì dúró mí lójú ọ̀nà, kí Valter tà á. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ta ló máa ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ tán tó máa wá fẹsẹ̀ sílẹ̀ kó jò?

Àmọ́ nítorí Lucijan, ọkọ rẹ̀, ló ṣe kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀. Lucijan já bọ́ lórí àkàbà nígbà ìkórè, egungun ìbàdí rẹ̀ kán, ó sì dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méje. Egungun san, ẹran ti lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó dìde, ńṣe ló ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbàgbé wọn síbẹ̀. Kò dìde mọ́ títí tó fi kú. Nígbà tí Pjerina sì gbọ́ pé àwọn kan ń wá ọ̀nà tí iná á fi máa ṣọ́ ẹran ara ẹni tó wà lórí ìdùbúlẹ̀, òun ló kọ́kọ́ pè wọ́n. Ní báyìí, gìgísẹ̀ rẹ̀ ló fẹ́ pa ẹ̀rọ náà.

"Ṣé ìwọ lo máa sọ fún un, àbí kí n bá ẹ sọ ọ́?" ni Livija bi í.

"Fi ẹnu ẹ sinmi. Mo ní tèmi." Pjerina tẹ aago ìpeni.

Nígbà tí dókítà dé, Pjerina kò yí ọ̀rọ̀ ká. "Ṣí aṣọ yìí, kí o wo gìgísẹ̀ mi."

Gìgísẹ̀ náà pupa, ó ti bó. Dókítà wò ó, ó wo irin bẹ́ẹ̀dì tí ó ń dán níbì kan, ó sì rọra jókòó.

"Ẹ tọwọ́ bọ̀wé pé ẹ ò ní fi ẹsẹ̀ òsì ṣe nǹkan kan, Màmá."

"Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́."

"Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n tó jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ yìí."

"Mo jẹ̀bi, mi ò sì ní sunkún láti fi gba ara mi sílẹ̀. Pa orúkọ mi rẹ́."

"Màá pa á rẹ́."

"Lẹ́yìn náà, kí o tún un kọ. Ẹgbẹ́ kejì tó ń wọlé níbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, o ní ẹnì kan ti yẹ̀. Fi mí síbẹ̀."

Dókítà wò ó bí ẹni tí olè ń bèèrè kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rẹ́ mi jẹ?"

"Má fi aṣọ bo ẹsẹ̀ náà. Kí kámẹ́rà máa wò ó tọ̀sán-tòru. Bí ìka kan bá mì, lé mi jáde."

"Ìgbà ìkórè ólífì nìyẹn, Màmá."

"Èmi ni mo gbìn wọ́n, ọmọ mi. Mo mọ ìgbà tí wọ́n ń pọ́n."

Dókítà dìde, ó jáde. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tó ti bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó wá sọ fún Pjerina pé wọ́n gbà. Kò rẹ́rìn-ín sí i síbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, Valter fi ọkọ̀ gbé e dé ẹsẹ̀ òkè, ó sì mú ọ̀pá kan wá. Pjerina ju ọ̀pá náà padà sínú ọkọ̀. Ní ìpele keje, Valter ló dúró, tó fọwọ́ ti orókún, tó ń mí bí ẹṣin.

"Ṣé kí n dúró dè ẹ́ ni?"

"Ẹ máa lọ, Màámi."

Nígbà tí Valter bá a ní ìpele kejìlá, Pjerina ti jókòó sórí òkúta, ó ń fọwọ́ tẹ èso ólífì kan wò. Valter ní, "Ó dáa. Ẹ borí. Màá sọ fún ọkùnrin Ljubljana náà."

"Jókòó. Ọ̀rọ̀ ò tíì tán." Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Valter kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá, ó fajú ro.

"Ẹ rẹ́ mi jẹ nìyẹn."

"Dókítà ni mo rẹ́ jẹ. Èmi àti ìwọ ò ṣàdéhùn pé kí n má fẹsẹ̀ ti irin. Mò ń padà lọ, Valter. Lọ́tẹ̀ yìí, òsì á jò."

"Tó bá jò tí ẹ ò lè gun ibí mọ́ ńkọ́?"

"Wàá pọ̀n mí. A ò ní tà á."

"Ta ló wá máa ká ólífì?"

Pjerina wò ó láti orí dé bàtà. "O lẹ́sẹ̀ méjì, mi ò rí wáyà lára ìkankan."

Ohùn Valter rọ̀. "Màámi, ìyẹn ò ní jí Bàbá dìde."

"Mo mọ̀. Bàbá ẹlòmíràn ni mo fẹ́ kó dìde."

Ní ọjọ́ kẹrin tí ẹgbẹ́ kejì wọlé, atẹ́gùn tútù líle tí wọ́n ń pè ní bora ń gbá fèrèsé ilé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ òsì Pjerina wà ní gbangba lójú kámẹ́rà, bí ẹsẹ̀ adìyẹ tí wọ́n ti tu níyẹ̀ẹ́. Ó mú fóònù dání létí.

"Apá mi ti kú, Màámi," ni Valter wí. "Mélòó ló kù?"

"Mélòó lo ti ká?"

"Mọ́kàndínlógún."

"Mọ́kànlélọ́gọ́ta ló kù. Fi òkúta tẹ etí àwọ̀n tó o tẹ́ sábẹ́ igi, kí bora má gbé e lọ. Má sì gun àkàbà nínú atẹ́gùn yìí, ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, Màámi."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Gìgísẹ̀ òsì ń yún un, irin bẹ́ẹ̀dì sì wà nítòsí, kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Itan náà ti ń rọ̀, òun fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ó di ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á nínú: ẹ̀kíní fún oòrùn, ẹ̀kejì fún atẹ́gùn, ẹ̀kẹta fún òjò pé kó má rọ̀. Ó kà á pé ọgọ́rùn-ún, ẹsẹ̀ náà kò sì mì.