Bàbá Àmín àti Àbúrò Rẹ̀

Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni ìyá àgbà fi sùn ti ọkọ rẹ̀, ó sì sùn dáadáa nínú púpọ̀ nínú wọn. Ní oṣù márùn-ún tó kẹ́yìn yìí, oorun ti di ohun tí ó ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bàbá ṣubú lóko, egungun ìbàdí rẹ̀ dá. Dókítà wò ó títí, ó ní ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá ti iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀. Ìyá mọ ẹni tí "wọ́n" náà jẹ́. Òun nìkan ni. Àkọ́bí wọn ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá, orí fóònù ló ti ń kí wọn; ọmọbìnrin wọn tó ń ránṣọ a máa wá ní ọjọ́ Sátidé, á fọ aṣọ, á sunkún díẹ̀, á sì padà.

Ìyàwó ló ń yí ọkọ padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dégbò. Ó ń se omi, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ, kó tó jáde lọ bọ́ ewúrẹ́. Bàbá ti rù, àmọ́ ẹni tí kò lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ a máa wúwo ju àpò àgbàdo lọ. Ó ti rẹ ìyá dé ibi pé tí wọ́n bá kí i, ó máa ń pẹ́ kó tó rántí pé èsì ló kàn.

Bàbá Àmín ni gbogbo ìjọ ń pe ọkọ rẹ̀. Kì í dúró kí àdúrà parí kó tó ṣe àmín. Pásítọ̀ á ní, "Olúwa, gbogbo àwọn ọ̀tá wa…", kó tó sọ ohun tí Olúwa yóò fi wọ́n ṣe, bàbá á ti bú jáde, "Àmín!" Ọjọ́ kan ni Pásítọ̀ ń wàásù pé, "Bí a bá kú sínú ẹ̀ṣẹ̀ wa," ló bá tún ṣe é. Ìjọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbàgbé ibi tí ìwàásù dé.

Ẹni bá rò pé aláwàdà ni, kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ibà pa ọmọ wọn kẹta, ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó gba oko lọ. Ìyá kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà tọkàntọkàn. Nígbà tí ó tẹ̀ lé e lọ láti lọ bú u, ó bá a láàárín àgbàdo, ó dojú bolẹ̀, ó ń sunkún bí ẹni tí wọ́n nà. Ìyá rọra padà sílé. Kò sọ fún un rí pé òun rí i.

Ohun kan ṣoṣo ló wà tí gbogbo àdúrà rẹ̀ kò yanjú. Ọdún mọ́kànlá ni kò fi bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Igi ló dá a sílẹ̀: igi tí bàbá wọn gbìn sí ààlà oko àwọn méjèèjì. Àbúrò gé e nígbà tí ẹ̀gbọ́n kò sí nílé, ó fi kan òrùlé. Láti ìgbà náà, àga gígùn kan náà ni wọ́n ń jókòó lé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun ìhín, èkejì ní ìpẹ̀kun ọ̀hún. Pásítọ̀ mẹ́ta ló ti bẹ̀ wọ́n, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni iṣẹ́ gbé lọ síbòmíràn láìrí i yanjú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìyá ń yí ọkọ rẹ̀ padà nígbà tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì, kò sì lè dìde. Bàbá na ọwọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ kò tó o.

"Ìyá wọn, dìde."

"Mò ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀."

Ó pẹ́ níbẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Bàbá ń wo àjà. Nígbà tó yá, ó ní, "Ránṣẹ́ sí i."

"Sí ta ni?"

"O mọ ẹni tí mò ń sọ."

Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ìyá fi lọ. Ó bá àbúrò ọkọ rẹ̀ níwájú ilé, ó ń ki ẹ̀rú bọ ọkọ́. Gbogbo ẹbí ń pe ọkùnrin náà ní Bàbá Kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní àádọ́rin ọdún.

"Ẹ̀gbọ́n yín ní kí n pè yín wá."

"Ó dárúkọ mi?"

"Kò dárúkọ."

"Kò ní dárúkọ. Alágídí." Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀, ó wẹ ọwọ́ rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e.

Nígbà tí ó wọ yàrá, kò mọ ibi tí yóò dúró sí. Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀.

"O ti darúgbó."

"Ẹ̀yin náà ti rù." Ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo jẹ̀bi. Ó yẹ kí n bi yín kí n tó gé igi yẹn."

"Ṣé òrùlé náà ń jò?"

Bàbá Kékeré wo ilẹ̀. "Ó ń jò."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. "Mo mọ̀! Igi yẹn kò dára fún òrùlé. Bàbá wa sọ ọ́ fún mi. Ká ní o bi mí ni, ǹ bá ti sọ fún ẹ."

Àbúrò rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó nu ojú rẹ̀, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. "Ìyàwó wa, níbo ni garawa wà?"

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ló ń wá. Ó ń wẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń yí i padà, wọ́n ń jiyàn lórí òjò àti àgbàdo. Ìyá ń sùn ní yàrá kejì. Ní ọjọ́ kìíní, ó sùn di ọ̀sán, nígbà tó jí, ojú tì í bí ẹni pé ó jalè.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n ṣe é. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, ìyá jí, ó rí i pé oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé. Kò gbọ́ iyàn kankan. Ó bá Bàbá Kékeré lórí àpótí, táwẹ́ẹ̀lì lórí itan rẹ̀. Bàbá Àmín wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ ti padé, ó mọ́ tónítóní.

"Ìgbà wo?"

"Kò pẹ́ tí o sùn."

"Ẹ ò sì jí mi!" Ohùn rẹ̀ dẹ́rù ba òun fúnra rẹ̀. "Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta! Ẹ fi mí sílẹ̀ kí n máa hanrun nígbà tí ọkọ mi ń lọ!"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dìde láti pè ọ́. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, 'Jẹ́ kó sùn. Ó ti rẹ̀ ẹ́.'"

Ìyá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó fọwọ́ kan iwájú orí ọkọ rẹ̀. Kò tíì tutù tán.

"Ṣé ó jẹ̀rora?"

"Rárá. Ó bi mí bóyá òjò ti rọ̀ ní apá ìsàlẹ̀ oko. Mo ní ó ti rọ̀."

"Ṣé ó rọ̀?"

"Kò rọ̀."

Wọ́n sin ín ní Sátidé. Àwọn ọmọ wá, ìjọ kún, Pásítọ̀ sọ̀rọ̀ rere púpọ̀, òtítọ́ sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìyá jókòó síwájú, ó ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ redíò aládùúgbò. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo wọn ti lọ.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Bàbá Kékeré ló dúró síta, ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó wo ìyá, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Mo gbàgbé," ó ní. "Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi wá."

Ìyá bu tíì fún un. Àwọn méjèèjì jókòó sí tábìlì, wọ́n mu tíì títí ife fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

"Inú ṣì ń bí mi sí yín o," ìyá sọ.

"Mo mọ̀."

Bàbá Kékeré mu èyí tó kù. Lẹ́yìn náà ló bi í ní ibi tí oúnjẹ ewúrẹ́ wà, nítorí wọ́n ti ń ké láti ìgbà tí òun ti ń bọ̀ lọ́nà.