Òfin Tí Ọ̀gá Ọdẹ́túnjí Fi Ẹnu Ara Rẹ̀ Kà

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọ̀mọ̀wé ni àwa tí à ń to lẹ́tà ní iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé, ẹ má gbà á gbọ́. Mo ti to ìwé ìgbéyàwó, mo ti to ìkéde òkú, mo ti to ìpolówó ọṣẹ, mi ò sì lè sọ ohun tó wà nínú ọ̀kankan wọn. Lẹ́tà là ń wò, a kì í wo ọ̀rọ̀. Òjé kéékèèké ni, a ó máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó máa tò wọ́n ní ìdojúdé, bí ọwọ́ bá sì ti mọ iṣẹ́ náà, ọkàn á ti gba ibi oúnjẹ ọ̀sán lọ.

Èmi ni Ikúmápàyí. Ní ọdún 1956, èmi ni àgbà àwọn tó ń to lẹ́tà ní iléeṣẹ́ Ọdẹ́túnjí àti Àwọn Ọmọ Rẹ̀, ní Ṣómólú. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò mọ ìyàtọ̀ láàárín yíǹkì àti epo pupa. Ọdẹ́túnjí nìkan ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ ni, orí ilẹ̀ baba rẹ̀ ló kọ́ iléeṣẹ́ náà sí. Ó ga, ó ní ohùn tí ẹni tó wà ní Onípanu lè gbọ́, ó sì fẹ́ràn ohùn náà ju bí ẹnikẹ́ni ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ.

Ohun kan ló bà á jẹ́ lójú mi. Ní aago méje àárọ̀, tí gbogbo wa bá ti wọlé tán, á fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn iwájú, á so kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn ṣòkòtò rẹ̀. Ó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó jáde. Àgbàlá kékeré kan wà lẹ́yìn fún ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, ògiri gíga sì yí i ká. Ìdí tó fi ń tì wá mọ́lé ni pé wọ́n jí bébà rẹ̀ kó lọ́dún mẹ́ta ṣáájú, odindi ìdì mẹ́wàá, òṣìṣẹ́ tó fọkàn tán jù ló sì kó o. Láti ọjọ́ náà ló ti ka gbogbo wa sí olè tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Sabina ni àgádágodo yìí fìyà jẹ jù. Ọmọ Ìlàjẹ ni, láti etí ọ̀sà ní Bàrígà. Òun àti Wosilat ló ń ká ìwé tí wọ́n sì ń rán an pọ̀. Ó ní ọmọ ọwọ́ kan, Adéjìmí, ọmọ oṣù mẹ́fà. Bó bá ti di aago méjìlá, Màmá Sabina á pọn ọmọ náà wá láti Bàrígà, òórùn ẹja yíyan á kọ́kọ́ wọlé kí wọ́n tó dé, á wá kan irin fèrèsé wa gbà-gbà-gbà. Irin fèrèsé náà wà lóòró, àlàfo díẹ̀díẹ̀ wà láàárín wọn. Màmá á fi àdín pa ọmọ náà lára, á ti orí rẹ̀ bọ àlàfo ní ẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn náà èjìká, lẹ́yìn náà ikùn, Sabina á sì gbà á nínú ilé bí ẹni ń gba ẹrù láti inú ọkọ̀. Orí ìdúró ni yóò ti fún un lọ́mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kíákíá, kí iṣẹ́ má baà dúró. Lẹ́yìn náà wọ́n á tún fi àdín pa á, á gba ibi tó gbà wọlé jáde. A máa ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọ náà á máa rẹ́rìn-ín, ó jọ pé ó rò pé bí gbogbo ọmọ ayé ṣe ń jẹun nìyẹn.

Àmọ́ ọmọ ń dàgbà, irin ò sì yẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo ní, "Adéjìmí, o ti ń sanra o!" Ojú Sabina yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Màmá ti ń dín ẹ̀kọ tó ń mu láàárọ̀ kù. Lọ́jọ́ tí kò bá lè gba ibẹ̀ yẹn wọlé mọ́, mo máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni."

Ìyá tó ń bẹ Ọlọ́run kí ọmọ òun má sanra! Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Inú bí mi dé ọ̀fun. Kí ni mo wá ṣe? Mo padà sídìí lẹ́tà mi ni. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Àsìkò yẹn ni ariwo gbòde pé ìjọba ní òfin tuntun fún gbogbo iléeṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ, pé wọn yóò sì máa rán ènìyàn wá yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn oníléeṣẹ́ ṣèpàdé lórí rẹ̀ ní Palmgrove. Ìgbà tí Ọ̀gá ti ibẹ̀ dé, ó ń hó.

"Ṣé Gọ́fúmẹ́ǹtì ló bá mi ra ẹ̀rọ?" ló ń bi ògiri. "Ṣé ọ̀dọ̀ wọn ni baba mi ti rí ilẹ̀? Wòlé-wòlé tó ń yọjú wo inú ìkòkò omi ìyàwó mi ò tíì tó wọn, wọ́n tún fẹ́ rán òmíràn wá wo iṣẹ́ mi!"

Nígbà tí Ọ̀gá wọ yàrá rẹ̀, Ẹkúndayọ̀ tó ń tọ́jú ẹ̀rọ gbè é lẹ́yìn. "Òótọ́ kúkú ni Ọ̀gá sọ," ló wí. "Àwọn kọ́ńpìnnì òyìnbó ńláńlá yẹn, kò sí òfin tí wọn ò lówó láti pa mọ́. Irú tiwa yìí ni yóò kú. Bó bá sì ti ibí yìí pa, ṣé ìjọba ló máa gbà wá síṣẹ́?"

"Bọ̀dá Ẹkúndayọ̀," Wosilat dá a lóhùn láìgbójú sókè, "ìka yín mélòó ló kù?"

"Mẹ́sàn-án àti ààbọ̀," ni Ẹkúndayọ̀ wí, ó sì ki ọwọ́ bọ àpò. Ẹ̀rọ ló jẹ ìyókù. Ẹ̀rín pa wá, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Èmi ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbájú mọ́ ohun tí mò ń tò.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ wá láti ọ́fíìsì ìjọba, ó gbé iṣẹ́ wá. Ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ògiri ni, lédè Yorùbá, ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Nígbà tí Ọ̀gá rí iye yẹn, kò kà kọjá ibẹ̀. Ó ń jó kiri ilé. Ó ju ìwé náà sí mi, ó ní kí n tò ó kíá. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tò ó. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò mọ ohun tí mò ń tò.

Mo gbọ́dọ̀ sọ àṣà ilé wa kan fún yín. A kì í tẹ ohunkóhun láìjẹ́ pé a kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fi èyí lélẹ̀, lẹ́yìn tí a tẹ ìkéde òkú kan tí a sì gbé orúkọ àkọ́bí olóògbé sí ipò olóògbé. Èmi á kọ́kọ́ kà, Ẹkúndayọ̀ á tẹ̀lé mi, Ọ̀gá á wá kà á kẹ́yìn, á sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀rọ á dúró. Gbogbo ilé á tẹ́tí. Ẹni tó bá fo ọ̀rọ̀ kan péré, gbogbo wa á pariwo, á sì padà bẹ̀rẹ̀ láti òkè pátápátá. Kò sí ojúsàájú níbẹ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, bí ọ̀sán ṣe ń sún mọ́lé, mo gbé ìwé náà sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ọ̀gá wà nínú yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó ń ta yíǹkì. Mo ka ti omi mímu. Mo ka pé ẹ̀rọ tó lè ṣe ènìyàn léṣe, kí wọ́n fi irin bo ojú rẹ̀. Mo wá ka pé: "A kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́." Ẹnu mi ló jáde, síbẹ̀ ó dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́. Mo gbójú sókè. Sabina ti gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹkúndayọ̀ gba ìwé. Ibi tó ti sọ̀rọ̀ irin lójú ẹ̀rọ, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò ní kó padà sókè. Ó wo ìka rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ kọ́ńpìnnì mọ́.

Ọ̀gá wá jáde, ó gba ìwé, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó wúkọ́, ó sì gbé ohùn náà jáde. Àwọn tó ń kọjá lọ ní títì dúró. Ó ka ti omi bí ẹni ń wàásù. Ó ka ti ẹ̀rọ. Ó dé ibi ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ ṣíwájú ẹnu rẹ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó sì bọ́ sí ìlà tó tẹ̀lé e.

"Ẹ fò ó, sà!" Wosilat ló kọ́kọ́ ké.

Ó fojú bá a wí, ṣùgbọ́n àṣà rẹ̀ ni, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé e kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ó tún dé ibẹ̀, ó wúkọ́ gan-an, ó sì gba ẹ̀yìn ikọ́ náà fò ó.

"Ẹ fò ó!" Gbogbo wa ni báyìí. Àwọn tó wà níta bá wa pariwo. Màmá Sabina tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fèrèsé pẹ̀lú ọmọ náà bá wa pariwo, láìmọ ohun tí wọ́n fò.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ó kà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sínú irùngbọ̀n.

"A ò gbọ́ o, Ọ̀gá," ni Ẹkúndayọ̀ wí. Ẹkúndayọ̀ o!

Ọ̀gá wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mí kanlẹ̀. Ó padà sókè, ó sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún un. Nígbà tó dé ibi ilẹ̀kùn, ó dún débi pé òjé mì nínú àpótí mi.

Kò tíì fọwọ́ sí i tán tí a fi gbọ́ igbe Adéjìmí. Màmá ti fi àdín pa á, orí ti kọjá, èjìká ti kọjá, ikùn ò kọjá. Màmá rọra tì í, kò lọ. Sabina gbá irin mú láti inú, kò mọ ohun tó lè ṣe, omi ń dà lójú rẹ̀. Màmá fa ọmọ náà padà síta, ó sì gbé e mọ́ àyà.

Ọ̀gá dúró. Oorun ló máa ń sùn lọ́wọ́ ọ̀sán, kò rí èyí rí. "Báyìí ni ẹ ṣe ń ṣe é?" ló bi Sabina.

"Ojoojúmọ́ ni, sà," ni Sabina wí.

Ọ̀gá wo irin fèrèsé náà. Ó wá yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ sì kéré gan-an. "Ikúmápàyí, bí mo bá ṣí i, ta ni yóò bá mi ṣọ́ bébà mi? Rántí ohun tí wọ́n fi ojú mi rí."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ni ó ń dùn ún. Ṣùgbọ́n ìbínú tí mo ti gbé mì láti ọjọ́ yìí gòkè wá. "Ọ̀gá, yàrá ẹ̀yìn ṣófo," mo wí. "Ẹ kó bébà síbẹ̀, kí ẹ ti bébà mọ́lé. Àwa kì í ṣe bébà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Mo rò pé Ọ̀gá yóò lé mi kúrò níṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó tú kọ́kọ́rọ́ kúrò ní okùn ṣòkòtò rẹ̀, ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì ṣí i gbayawu. Oòrùn ọ̀sán gangan wọlé bá wa. Mo fẹ́ pariwo ayọ̀, mo sì pariwo náà.

Sabina ò dúró gbọ́ ọ. Ó ti sáré jáde. Àwa yòókù kóra jọ sí ẹnu ọ̀nà, a ò mọ bí wọ́n ṣe ń jáde lọ́sàn-án. Ẹkúndayọ̀ gbé ẹsẹ̀ kan síta, ó tún gbé e padà.

"Ẹ jáde lọ jẹun, ẹ̀yin ọ̀bàyéjẹ́!" Ọ̀gá jágbe mọ́ wa. "Kí ẹ sì padà o!" Ẹ̀rín ti gba ojú rẹ̀, kò rí i fi pamọ́.

Ìdí igi fúrúùtù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni Sabina jókòó sí. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ Adéjìmí sórí itan, ọmọ náà sì ń mu ọmú. Kò pẹ́ rárá, Sabina fẹ́ gba ọmú lẹ́nu ọmọ náà, bó ṣe máa ń ṣe nínú ilé, kó lè sáré padà sídìí iṣẹ́. Màmá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Fi í sílẹ̀," ni Màmá wí. "Jẹ́ kó mu ún, kó yó. Jẹ́ kó sanra."